Àrà Ọwọ́ Aláró: Ìtàn Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Ọmọ Wa Gbọ́

 

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi àwọn ọmọ yín lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ bi wọ́n pé: “Àwọn wo ni wọ́n ń dá nǹkan tuntun sílẹ̀ láyé?” Ní àdúgbò Fordham ní Bronx níhìn-ín, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìgbáyégbádùn láàrin àwọn ẹbí, mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ìbéèrè yìí. Wọn a dárúkọ àwọn òyìnbó tí ó ṣe kọ̀ǹpútà, àwọn tí ó ṣe fóònù, àti àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ òfurufú. Bí mo bá wá béèrè pé kí ni àwọn baba àti ìyá ńlá tiwọn ṣe, wọn a ní ìlù ni, ijó ni, oúnjẹ ni, àti aṣọ ìbílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀, ni pé a bí àwọn ìran kan láti máa dá àrà, a sì bí ìran tiwa láti máa jogún. Ìrònú yìí kì í ṣe òtítọ́, ó sì léwu fún ọmọ. Ọmọ tí ó bá gbà pé ìran òun kò dá nǹkan kan sílẹ̀ rí kì yóò retí irú rẹ̀ láti ọwọ́ ara rẹ̀.

Àwa òbí náà ní ìpín tiwa nínú ọ̀ràn yìí. Àdìrẹ wà nínú àpótí aṣọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. A ń wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ àti ìgbéyàwó, a sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé aṣọ àtayébáyé ni, bí ẹni pé láti ọ̀run ni wọ́n ti ká a wá. Bẹ́ẹ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí ó kún fún àwòrán tí gbogbo ayé fi mọ̀ wá, jẹ́ ọjà tuntun nígbà kan. Àwọn obìnrin kan ni wọ́n jókòó tí wọ́n rò ó, tí wọ́n dán an wò, tí wọ́n gbé e lọ sọ́jà, tí wọ́n sì jà nítorí rẹ̀ nígbà tí ó di ọ̀ràn. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ DÍDÁ ỌJÀ TUNTUN SÍLẸ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa. Ìyàtọ̀ wà láàrin kí ènìyàn hùmọ̀ nǹkan àti kí ó dá ọjà tuntun sílẹ̀. Ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan tí ó fi í pamọ́ sí ìyẹ̀wù kò tíì dá ọjà kankan sílẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá fi owó rẹ̀ rà á, tí ó lò ó, tí ó sì tún padà wá rà sí i, ni iṣẹ́ tó di iṣẹ́.

Ọ̀mọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Joseph Schumpeter, tí wọ́n bí ní ọdún 1883 ní ilẹ̀ ọba Austria àtijọ́, tí ó sì wá di olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 1932, ni ó ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí tí ó fi di mímọ̀ káàkiri. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde ní èdè Jámánì ní ọdún 1911, ó ní dídá àrà sílẹ̀ kò ju kí a pa àwọn nǹkan tí ó ti wà nílẹ̀ pọ̀ ní ọ̀nà tí ẹnìkan kò tíì gbà pa wọ́n pọ̀ rí. Ó ka ọ̀nà márùn-ún. Èkíní, kí a mú ọjà tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ jáde, tàbí kí a fún ọjà àtijọ́ ní ìdára tí kò ní tẹ́lẹ̀. Èkejì, kí a wá ọ̀nà tuntun tí a ó fi máa ṣe é. Ẹ̀kẹta, kí a rí ibi tuntun tí a ó ti máa tà á. Ẹ̀kẹrin, kí a rí orísun tuntun fún ohun èlò. Ẹ̀karùn-ún, kí a tún ètò iṣẹ́ náà tò.

Ẹ fi àwọn márààrún yìí sọ́kàn. Nígbà tí Schumpeter ń kọ ìwé rẹ̀, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ń ṣe ohun tí ó ń kọ nípa rẹ̀.

IṢẸ́ ARÓ KÍ ÀWÒRÁN TÓ DÉ

Iṣẹ́ aró ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ obìnrin ni, Ìyá Màpó sì ni òrìṣà tí àwọn aláró ń bọ. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń já, wọn a gún un nínú odó, wọn a ṣù ú bí òkèlè, wọn a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Wọn a sun igi di eérú, wọn a kó eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọn a sì da omi sí i lórí kí ó máa ro sínú ìkòkò kejì. Omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ ẹ̀lú sí fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi kan, tí yóò sì mú. Bí wọ́n bá ti aṣọ bọ̀ ọ́ tí wọ́n fà á jáde, àwọ̀ rẹ̀ a kọ́kọ́ dà bí ti ewé. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i ni yóò di búlúù. Wọn a tún tì í bọ̀ ọ́, wọn a tún sá a, títí yóò fi dúdú bí wọ́n ti fẹ́.

Ẹ wo ìmọ̀ tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ìyá aláró kò ní ìwọ̀n, kò sì ní ìwé. Ahọ́n rẹ̀, imú rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ni ó fi ń mọ̀ bóyá aró ti mu tàbí kò mu. Bí àwọn ọmọ yín bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní ilé-ìwé, ẹ sọ fún wọn pé ìyá ńlá wọn ti ń ṣe é nínú ìkòkò.

Ní àkókò yẹn, kíjìpá àti irú aṣọ òfì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ láró jù. Wọ́n mọ bí a ti ń fi ìko di aṣọ ní ìdìpọ̀ kí aró má baà dé ibẹ̀. Láti inú dídì àti rírẹ ni orúkọ náà, àdìrẹ, ti wá. Ṣùgbọ́n kíjìpá ki, ojú rẹ̀ kò sì dán. Kò ṣeé ya àwòrán tẹ́ẹ́rẹ́ sí.

AṢỌ MANCHESTER, LÀFÚN BRAZIL, PÁÀNÙ ÀPÓTÍ TÍÌ

Láti ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún wá, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ òwú funfun tí wọ́n hun ní Manchester wọ ilẹ̀ wa lọ́pọ̀lọpọ̀. Aṣọ náà fẹ̀, ó fúyẹ́, ojú rẹ̀ sì dán. Ọ̀pọ̀ ahunṣọ wa ni ó pa lára, nítorí kò wọ́n. Ẹlòmíràn ìbá jókòó kí ó máa sunkún. Àwọn aláró wò ó, wọ́n rí i pé ojú aṣọ yìí lè gba iṣẹ́ tí kíjìpá kò lè gbà. Ọjà tí ó wá láti ba iṣẹ́ jẹ́ ni wọ́n sọ di ohun èlò iṣẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ìko dì í, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ rán an kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Èyí ni oníko àti alábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àrà kan dé tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Dípò kí wọ́n di aṣọ, wọ́n fi ohun tí ó ń lẹ̀ ya àwòrán sí i lójú. Ibi tí nǹkan náà bá wà, aró kì yóò mú un. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ aṣọ tán tí ó sì gbẹ, wọn a ha nǹkan náà kúrò, àwòrán a sì yọ. Ẹ̀kọ ni wọ́n fi sọ aṣọ yìí lórúkọ, ẹlẹ́kọ, ṣùgbọ́n làfún tí wọ́n sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò.

Ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe làfún kì í ṣe ohun ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìhà gúúsù ni àwọn Pọtogí ti gbé e wá. Aṣọ wá láti Manchester. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya àwòrán náà ní ọwọ́ lásán. Ní Abẹ́òkúta, páànù pẹlẹbẹ bí irú èyí tí wọ́n fi ń bo inú àpótí tíì ni àwọn ọkùnrin gé àwòrán sí, kí aládìrẹ lè gbé e lé orí aṣọ kí ó sì fi ẹ̀kọ pa á. Ẹ̀lú àti omi eérú nìkan ni ó jẹ́ ti àtijọ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí àwọn obìnrin náà dá láti inú òfìfo. Pípa tí wọ́n pa wọ́n pọ̀ ni àrà wọn, nítorí kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ayé tí ó rí ewé ẹ̀lú, ẹ̀gẹ́, aṣọ òyìnbó àti páànù àpótí tí ó rí ohun kan ṣoṣo nínú wọn.

Bí ẹ bá ka ọ̀nà márùn-ún ti Schumpeter, ẹ ó rí i pé ọjà tuntun ti wà, ọ̀nà tuntun ti wà, orísun tuntun fún ohun èlò sì ti wà.

BÍ ỌJÀ NÁÀ ṢE GBÒÒRÒ

Ó ku méjì. Ní àárín ọdún 1920 sí 1930, àdìrẹ Abẹ́òkúta ti kọjá ohun tí ará ilé ń wọ̀. Àwọn oníṣòwò ń wá rà á láti Gold Coast tí ó di Ghana lónìí, àti láti Senegal. Níbi tí ọjà bá ti tóbi báyìí, apá ènìyàn kan kì í ká a. Ètò iṣẹ́ náà yí padà. Aládìrẹ ni ó ni aṣọ, òun ni ó ń ṣe àwòrán sí i. Aláró ni ó ń rẹ ẹ́. Agépáànù wà lọ́tọ̀, ọmọ-iṣẹ́ wà lọ́tọ̀, olówò tí ń kó o lọ sí ọ̀nà jíjìn náà wà lọ́tọ̀. Àwìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba aṣọ funfun lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ńlá, tí wọn yóò sì san owó rẹ̀ bí wọ́n bá tà tán. Ètò àwìn yìí ni ó jẹ́ kí obìnrin tí kò ní owó lọ́wọ́ lè wọ iṣẹ́ náà. Òun náà ni ó sì di okùn mọ́ wọn lọ́rùn nígbà tí ọjà kò yá mọ́.

Wọ́n mọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, kò pẹ́ tí àwọn òpó rẹ̀ fi hàn lára àdìrẹ, nínú iṣẹ́ tí wọ́n sọ ní Ìbàdándùn. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní ọdún 1935, àwòrán ọba àti ayaba rẹ̀ jáde lára aṣọ. Aládìrẹ kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ ohun tí ìlú ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà lẹ́nu ará ìlú lónìí, yóò wà lójú aṣọ ní ọ̀la. Èyí tí ó bá tà, wọn a tún un ṣe. Èyí tí kò bá tà, wọn a gbé páànù rẹ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ń san owó gọbọi fún lónìí, láti mọ ọkàn oníbàárà, ni ìyá aládìrẹ ń ṣe lórí ìjókòó rẹ̀ lọ́jà.

ÌJÀ ORÍ SÓDÀ

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ sọ ìtàn adùn nìkan fún ọmọ. Àrà tuntun a máa mú ìjà wá, ìtàn àdìrẹ sì ní tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Jámánì, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Adolf von Baeyer ti rí ọ̀nà láti fi kẹ́míkà ṣe aró búlúù láìlo ewé. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1905. Láti ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ti ń ta aró náà. Nígbà tí ó yá, aró òyìnbó yìí àti sódà líle tí wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró Abẹ́òkúta. Sódà gba ipò omi eérú. Kò sí pé à ń sun igi mọ́, kò sí pé à ń dúró de ìkòkò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ; ṣùgbọ́n òòbẹ̀ yìí yá ju àdàn lọ, ó sì rọrùn.

Ìrọ̀rùn náà ní ohun tí ó gbà. Nígbà tí iṣẹ́ aró ṣòro, ẹni tí kò kọ́ ọ kò lè ṣe é. Nígbà tí ó rọrùn, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n náà wọlé. Bí sódà bá pọ̀ jù, a máa jẹ aṣọ. Bí aró bá kéré, àwọ̀ rẹ̀ a ṣí. Ní àkókò kan náà, ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 ti mú gbogbo ayé. Àwọn oníbàárà kò ní owó, iye tí aṣọ ń mú wá sílẹ̀, gbèsè àwìn sì ń ga. Àwọn tí ń rà á láti òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé àdìrẹ Abẹ́òkúta kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà. Ní ọdún 1936, wọ́n dojú kọ òfin náà, ọ̀rọ̀ sì di ohun tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọba ń rò nípa orúkọ ìlú. Bí orúkọ ọjà bá ti bàjẹ́ lójú oníbàárà, àwọn tí ń ṣe dáadáa àti àwọn tí kò ṣe dáadáa ni yóò jọ jìyà. Àwọn aláró ń rò nípa oúnjẹ ọmọ. Obìnrin tí ó jẹ gbèsè aṣọ kò lè padà sí ọ̀nà tí yóò gba ọjọ́ púpọ̀ nígbà tí owó tí aṣọ ń mú ti dín kù. Àti pé, ta ni ó ní kí ẹni tí kò ti ọwọ́ bọ aró rí máa pàṣẹ bí a ó ti rẹ aró? Ìbéèrè yìí kò kú. Ní ọdún 1947, nígbà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde lòdì sí owó orí lábẹ́ ìdarí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tẹ̀ lé e ni ọjà ń fún ní oúnjẹ.

Ẹ̀kọ́ tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe sódà ni ó ba aṣọ jẹ́. Ìlò tí kò ní ìwọ̀n ni. Ohun èlò dé kí ìmọ̀ ìlò rẹ̀ tó dé. Òfin tí ó lé ohun èlò lọ láìkọ́ni ní ìlò rẹ̀ kò lè wo ààrùn náà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ọjà tuntun lè dé ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ìrírí tí yóò mú un dúró kì í dé ní ọjọ́ kan.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN NÁÀ

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àǹkárá àti àwọn aṣọ títẹ̀ mìíràn gba ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ́wọ́ àdìrẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, kàm̀pálà gbòde, pẹ̀lú àbẹ́là yíyọ́ dípò ẹ̀kọ àti aró aláràbarà dípò búlúù nìkan. Àwọn àgbà kan rojú sí i nígbà náà. Lónìí, àwa náà ń pè é ní aṣọ ìbílẹ̀. Ní Òṣogbo, Ìyáàfin Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní ọdún 1951, dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ọdún 1983 níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ aró, ó sì ti gbé àdìrẹ dé ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní ìlú òkèèrè. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.

Ìjà mìíràn sì ti dé. Ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní China ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, owó rẹ̀ sì kéré gan-an. Ìbéèrè ọdún 1936 ni ó tún padà wá: kí ni ó ń mú kí oníbàárà san owó jù fún ohun kan? Ìdára rẹ̀ ni, àti ìtàn rẹ̀. Bí àwọn ọmọ wa kò bá mọ ìtàn náà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàrin ojúlówó àti ayédèrú?

ỌMỌ ÀLEJÒ NÍ BRONX

Bóyá òbí kan yóò sọ pé, “Abẹ́òkúta jìnnà. Ibí ni àwọn ọmọ mi ń gbé.” Ẹ jẹ́ kí a wo ibí, nígbà náà.

Ní ọdún 1921, opó kan kó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sí New York láti ilẹ̀ Poland. Reuben Mattus ni orúkọ ọmọ náà. Láti kékeré ni ó ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú òwò omi dídì aládùn, ní Bronx ni òun àti ẹbí rẹ̀ sì ti di alájẹṣẹ́ nínú òwò áísìkiriìmù. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ta áísìkiriìmù olówó pọ́ọ́kú tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, òun àti Rose ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀nà òdìkejì. Wọ́n dín afẹ́fẹ́ kù, wọ́n fi kún ọ̀rá wàrà, wọ́n fún un ní orúkọ Häagen-Dazs tí kò ní ìtumọ̀ nínú èdè kankan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú adùn mẹ́ta péré ní nǹkan bí ọdún 1960. Ní ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ Pillsbury rà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Èkejì tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ní ilé 1520 Sedgwick Avenue, tí kò jìnnà sí Fordham, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe àríyá láti fi rí owó ra aṣọ ilé-ìwé. Sẹ́ńtì 25 ni àwọn obìnrin san, àwọn ọkùnrin san 50. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Clive, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Kool Herc, ni ó ń fi àwo orin sí i. Ọmọ Jamaica ni wọ́n. Clive ti pé ọmọ ọdún 12 kí ó tó dé Bronx. Ohun tí ó ṣàkíyèsí ni pé àwọn oníjó máa ń dúró de ibi tí orin bá ti dákẹ́ tí ìlù nìkan kù. Ó wá mú àwo méjì tí ó jẹ́ ìkan náà, ó fi wọ́n sí ẹ̀rọ méjì, kí ibi ìlù náà lè máa bá a lọ láìdúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Joseph Saddler, tí wọ́n ń pè ní Grandmaster Flash, ọmọ tí wọ́n bí ní Barbados, fi ẹ̀kọ́ iná mànàmáná tí ó kọ́ ní ilé-ìwé ní Bronx ṣe ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí ó lè gbọ́ àwo kejì ní etí ara rẹ̀ kí àwùjọ tó gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni orin hip-hop ti jáde, orin tí gbogbo ayé ń kọ, tí àwọn ọmọ wa ní Èkó náà sì ń kọ.

Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Aláró rí aṣọ òyìnbó, ó rí ohun tí ẹni tí ó hun ún kò rí. Kool Herc rí àwo orin, ó rí ohun tí ẹni tí ó ṣe àwo náà kò rí. Àwọn méjèèjì wo ohun tí oníbàárà ń fẹ́. Àwọn méjèèjì lo ohun tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n ṣe é.

KÍ NI KÍ ÀWA ÒBÍ ṢE?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí. Nínú iṣẹ́ mi, mo ti jókòó pẹ̀lú ju ẹbí kan lọ tí bàbá àti ọmọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí pé ọmọ ń tú rédíò, tàbí ó ń rán aṣọ, tàbí ó ń ṣe orin, bàbá sì ní òun kò torí ìyẹn wá sí Amẹ́ríkà. Dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà: mẹ́ta yìí ni bàbá mọ̀. Mo mọ ìbẹ̀rù tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ kí ó tó rí owó ọkọ̀, tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru kí ọmọ lè kàwé, kò ní agbára àti pàdánù. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí ọmọ bá ń fi ọwọ́ yí kiri ni yóò di ọjà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ pé kí ọmọ fi ìwé sílẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ni Flash fi ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a tó lé ọmọ kúrò nídìí nǹkan, kí a bi í ní ìbéèrè tí ìyá aládìrẹ yóò bi ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni ó fẹ́ ẹ? Kí ni ó yàtọ̀ nínú rẹ̀ sí èyí tí ó wà nílẹ̀? O ti fi han ẹnìkan tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ bí? Èló ni yóò ná ọ, èló ni wọn yóò rà á? Bí èyí bá bàjẹ́, kí ni o ti kọ́? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ń kàwé, bí kò tilẹ̀ jẹ́ inú ìwé ni ó ti ń kà á. Ọmọ tí kò bá lè dáhùn yóò fúnra rẹ̀ rí ibi tí iṣẹ́ kù sí, láìsí pé ìjà wọ ilé.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí àdánù rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Aláró kì í kó gbogbo aṣọ oníbàárà sínú aró tí kò tíì dánwò. Owó kékeré, àkókò kékeré, kí á wo bí yóò ti rí.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ wọn pé ìdára ni orúkọ. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ìjà sódà. Ohun tí ó yá kíákíá lè tà lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó dára ni oníbàárà ń padà wá rà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí iṣẹ́ wọn. Ìbànújẹ́ tí ó wà nínú ìtàn àdìrẹ ni pé a kò mọ orúkọ obìnrin tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí aṣọ. A mọ Baeyer, a mọ Mattus, a mọ Kool Herc. Òun kò ní ìwé àṣẹ, kò sí ìwé ìròyìn tí ó kọ nípa rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lè wà láàrin wa ní Bronx yìí láìmọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣe nǹkan, kí ó kọ ọjọ́ sílẹ̀, kí ó kọ bí ó ti ṣe é sílẹ̀, kí ó sì bèèrè ohun tí òfin sọ nípa ààbò iṣẹ́ ẹni.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún gbé àdìrẹ yọ nínú àpótí, ẹ pe àwọn ọmọ yín. Ẹ má ṣe sọ fún wọn pé aṣọ àtayébáyé ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kan án, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn obìnrin bí ìyá wọn ni wọ́n kó ohun tí ó wá láti ilẹ̀ mẹ́rin pọ̀, tí wọ́n fi ṣe ohun tí ayé kò rí rí. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ni ó wà ní àyíká tiwọn tí ẹnìkan kò tíì pa pọ̀.

Olúwa yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dá àrà tí ayé yóò rí. Orúkọ wọn kò sì ní sọnù. Àṣẹ.